Ìtọ́wò Ló Jẹ Ìgò Mi Tán

Ẹ ṣílẹ̀kùn yìí, ẹ̀gbọ́n mi Gaudenzio! Ẹ ṣí i o! Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí nínú ibẹ̀, mo sì gbọ́ nígbà tí ẹ ti irin ìdábùú bọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbàgà! Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin! Ẹni tí gbogbo abúlé Serralta ń ṣí fìlà fún, òun ló sá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò, ó ti ara rẹ̀ mọ́ àárín ìgò àti àgbá nítorí pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ̀. Kí ni mo mú lọ́wọ́? Ṣé àdá ni? Ife mẹ́ta ni mo mú lọ́wọ́, ife mẹ́ta àti búrẹ́dì àti wàràkàṣì díẹ̀. Ẹ yọjú wò mí láti ihò kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè! Kò tíì tó? Háà, Olúwa mi! Mo mọ̀ pé ohun tó máa jáde lẹ́nu yín nìyẹn. Kò tíì tó, kò tíì tó, kò tíì tó! Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń gbọ́ ọ, etí mi ti di. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni! Ọ̀la, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, dókítà ìlú Alba máa gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi níbi tí kókó yẹn wà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná ẹ̀rọ wọn sun ibi tó bá ṣẹ́kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ẹ ó yè é, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, adùn nǹkan máa lọ lẹ́nu yín, ó sì ṣeé ṣe kó má padà mọ́." Ẹ gbọ́ o, ẹ wà níbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ jókòó sápá ọ̀tún mi, ẹ̀yin lẹ di fìlà yín mú lórí orúnkún, ẹ ń yí i po, ẹ ń yí i po. Dókítà ní bí ó bá ti di ọ̀gànjọ́ òní, mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu. Aago mẹ́rin ti lù. Ẹ wá ní kò tíì tó. Ìgbà wo ni kó wá tó? Ṣé ìgbà tí ahọ́n mi bá ti wà nínú ike dókítà ni?

Ẹ ní kí n jẹ́ kó di ọjọ́ àjọ̀dún San Martino? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i! Ẹ gbà mí o, ẹni yìí ò gbọ́ èdè Itálíà mọ́!

Ìgò mi ni! Tèmi ni! Ta ni bàbá wa tò wọ́n sílẹ̀ fún? Lọ́dún tí wọ́n bí mi, òjò rọ̀ nígbà tó yẹ kó rọ̀, oòrùn ràn nígbà tó yẹ kó ràn, àwọn àgbà ní àwọn ò rí irú èso àjàrà bẹ́ẹ̀ rí lórí òkè wa. Bàbá wa yan ìgò mẹ́rìnlélógún nínú wáìnì Nebbiolo ọdún yẹn, ó fi ìda dí wọn lẹ́nu, ó tẹ́ wọn sínú iyanrìn níbẹ̀ yẹn bí ẹní ń tẹ́ ọmọ, ó sì fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri: DELFINA. Kò kọ Gaudenzio o! Ẹ bojú wẹ̀yìn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì yín, ẹ kà á sí mi létí! Ó ní, "Ti ọmọbìnrin mi ni, á mu ún lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, á mu ún lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀." Àmọ́ nígbà tó ń kú lọ, ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Ẹ̀yin. Nítorí kí ni? Nítorí pé Gaudenzio ló ní imú, Gaudenzio ló máa mọ ìgbà tó bá tó. Bí ẹni pé ihò méjì tó wà lójú tèmi, ọ̀ṣọ́ ni!

Mi ò sọ pé ẹ ò mọṣẹ́ o. Ẹ mọ̀ ọ́n, ká má purọ́. Wáìnì wa yìí kì í ṣe ọtí ìkánjú. Dolcetto lèèyàn ń mu lọ́dún tó kórè rẹ̀, á mu ún, á kọrin, á sùn. Nebbiolo, bí èèyàn bá ṣí i lọ́mọdé, á fún un láhọ́n pọ̀ bí ẹni jẹ èso tí kò pọ́n, á korò, á le, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú pinpin. Ó ń fẹ́ òkùnkùn, ó ń fẹ́ ibi tútù, ó ń fẹ́ ọdún lórí ọdún kó tó mọ ìwà hù. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ ohun tó bá ń dàgbà, ṣebí kó lè tó lọ́jọ́ kan ló ṣe ń dàgbà!

Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ńkọ́? Ọgọ́fà àlejò ló jókòó sí àgbàlá yìí. Secondo ọkọ mi wọ kóòtù tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, apá kóòtù ò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń retí ọtí ìyàwó. Ẹ gbé àbẹ́là, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbí, ẹ padà gòkè wá lọ́wọ́ òfìfo, ẹ dúró láàárín gbogbo ayé, ẹ ní, "Mo tọ́ ọ wò láàárọ̀. Kò tíì tó." Dolcetto ni wọ́n bù fún wa! Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi! Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́ fún yín o, wọ́n ní ẹ ò rí ọkùnrin tó mọyì ọtí, kò jẹ́ kí ayẹyẹ yí òun lórí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí párì ẹnu fi ń ro mí, Secondo rọra di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Má dá a lóhùn, a máa mu ún lọ́jọ́ tí a bá sàmì fọ́mọ." A sàmì fún Mirella. Kò tíì tó! Mirella parí ìwé, ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Torino, ó ń sunkún, ó ń di báàgì. Ó ku díẹ̀!

Ó dáa. Ṣé ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó dùn mí jù? Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó ń pa mí lẹ́kún ni pé ẹ̀yin ń tọ́ ọ wò! Lọ́dọọdún, bí San Martino bá pé, tí àgbẹ̀ gbogbo ti kó irinṣẹ́ sílé, ẹ ó wọ aṣọ ìjáde yín, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó ṣí ọ̀kan nínú ìgò mi. Ẹ ó yí ife po, ẹ ó ki imú bọ̀ ọ́, ẹ ó mu ẹnu kan ṣoṣo, ẹ ó tu ú sínú iyanrìn, túà! Ẹ ó ní ó ku ọdún mẹ́ta. Èyí tó kù nínú ìgò yẹn ńkọ́? Ẹ ó ní wáìnì inú àwọn ìgò yòókù ti ń fà wálẹ̀ lọ́rùn ìgò, pé atẹ́gùn ń ráyè wọ̀ wọ́n, pé èyí tí ẹ ṣí yìí ló yẹ kí ẹ fi kún wọn. Ẹ pa ọ̀kan kí àwọn yòókù lè yè! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ tún pa òmíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọdún tí yìnyín bọ́ sórí oko, tí inú yín ò dùn, tí ẹ ò lè sọ̀ kalẹ̀, ni kò jẹ́ kó ti tán tipẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ìgò mẹ́rìnlélógún, èèyàn ń yọ ọ̀kan níbẹ̀ lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá ó ti tó, kí lẹ rò pé ó máa kù? Ẹnì kankan ò mu ún, kò sì sí mọ́! Ìtọ́wò ló jẹ ẹ́ tán! Èmi tí mo ni ín, mi ò fi kan ètè rí, ọjọ́ kan péré ni mo rí i tó ta sára aṣọ ìléwọ́ yín, mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ gbogbo àbàwọ́n yín.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Mo lè gbàgbé ìgbéyàwó mi. Mo lè gbàgbé ti Mirella. Ti Secondo ni mi ò lè gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi. Ó pé ọdún mẹ́jọ ní oṣù tó kọjá. Ìgò mẹ́rin ló kù nígbà náà. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ sí yàrá òkè, ojú fèrèsé kọjú sí oko tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gé ẹ̀ka rẹ̀, àyà rẹ̀ ń dún fọ̀ọ̀-fọ̀ọ̀, kò lè jẹ, kò lè sùn. Ó ní, "Delfina, bá mi bẹ Gaudenzio, kó fún mi ní ẹnu kan nínú wáìnì rẹ. Mo fẹ́ mọ irú ọdún tí wọ́n bí ìyàwó mi." Ẹnu kan! Ẹni tó ń kú lọ ò bèèrè ilé, kò bèèrè ilẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín, orí òkúta tí mo jókòó lé yìí gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, èmi Delfina, mo kúnlẹ̀! Kí lẹ sọ? Ẹ ní, "Ó ku ọdún méjì. Bí mo bá ṣí i báyìí, ìyà ni mo fi jẹ ọtí náà." Ẹ ò fẹ́ fìyà jẹ ọtí! Secondo kú lọ́jọ́rú. Ọdún méjì wo lẹ fẹ́ kó rí? "Sùúrù lè se òkúta jinná," òwe yín nìyẹn, ẹ máa ń pa á bíi pé ẹ̀yin lẹ dá a. Ó dáa, òkúta ti jinná. Ta ló kù láyé tó máa jẹ ẹ́?

Àbí ẹ ń sunkún níbẹ̀ ni? Ẹ má sunkún fún mi, ẹ ṣílẹ̀kùn!

Ẹ ò ní ṣí i? Ó dáa. Ẹ sún mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé etí sí i, mi ò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ eléyìí báyìí ná. Ta ni ọ̀gá tó fẹ́ dá ẹjọ́ ìgò yẹn? Imú wo? Imú dà? Láti ìgbà ibà tó ti gbogbo ayé mọ́lé, imú yín ò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mílíìkì ń jó lórí iná níwájú yín, èéfín gba gbogbo ilé, ẹ ń ka ìwé ìròyìn. Mo ní kí n dán yín wò. Mo bu wáìnì inú páálí, èyí tí mo fi ń se ẹran, sínú ife yín. Ẹ yí i po. Ẹ dijú. Ẹ ní, "Òkè wa nìyí, Delfina. Ọdún mẹ́jọ sí i." Mo sá wọ ilé ìdáná, mo ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu kí ẹ má baà gbọ́ ẹ̀rín mi, kí n tó mọ̀, ẹkún ni mo ń sun.

Ta ni mo sọ fún? Ẹ dárúkọ ẹnì kan! Mirella tí mo bí, mi ò sọ fún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bo àṣírí yín. Ní gbogbo Sọ́ńdè, wọ́n ń gbé ìgò wá láti abúlé méje: "Ọ̀gá Gaudenzio, ẹ bá wa wo ọ̀kan yìí, àwọn yòókù wà nílé, ṣé ká ṣí wọn fún ìgbéyàwó ọmọ wa àbí ká ní sùúrù?" Èmi ni mo ń jókòó tì yín, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀, n ó gbé ife yín, n ó mu ẹnu kan bí obìnrin tí òǹgbẹ kàn ń gbẹ, n ó sì na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó, kí wọ́n mu ún. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì tó, kí wọ́n dúró. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kọjá, kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Ẹ̀yin ó wá gbé ohùn wálẹ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù, ẹ ó dájọ́. Ṣé mo tẹ̀ ẹ́ lódì rí? Ṣé ẹnì kan padà wá rojọ́? Alápatà tó ní ìgò òun ti kú, ta ló sọ fún un pé ó kù díẹ̀ kó tó kú, pé kó yára? Ó mu ún lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó wá fẹnu ko yín lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì pé Ọlọ́run ò ní mú irú yín lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló fẹnu kò! Ahọ́n mi ló ṣiṣẹ́!

Ahọ́n yẹn náà ni wọ́n fẹ́ gé lọ́la, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan gbáko ló fi ń sìn yín. Ó fẹ́ mu ọtí tirẹ̀ kó tó lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ́n? Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ dáadáa, ilẹ̀kùn yìí nípọn.

Dókítà tiyín ní kí ni? Pé imú yín lè padà tó bá di ìgbà ìrúwé?

Háà! Họ́wù! Ohun tí ẹ ń dúró dè nìyẹn? Kì í wá ṣe wáìnì ni kò tíì tó, ẹ̀yin lẹ ò tíì tó! Ìgò kan ló kù lábẹ́ ọ̀run, tí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ mi sí lórí, ẹ fẹ́ kó dúró de imú yín! Ahọ́n tèmi ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, imú tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ tí kò lọ́jọ́, bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n kí ara wọn! Ìwọ Gaudenzio! Ìwọ anìkànjọpọ́n! Ọ̀kánjúà ni ọ́! O tọ́ ìgò mẹ́tàlélógún wò, o tún fẹ́ fi imú tí o ò ní jẹ ìkẹrìnlélógún! Ẹ wò ó, mo ti fi ìwọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí Màríà Mímọ́ dárí jì mí, ẹ̀yin lẹ fà á.

Ó dáa, ó parí. Ẹ gbọ́ mi o. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ lu márùn-ún. Àwọn ọkùnrin tó lọ wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá máa tó máa bọ̀ láti pápá, iwájú àgbàlá yìí ni gbogbo wọn máa gbà, alápatà, olùkọ́, àwọn ọmọ Ressia, gbogbo wọn pátá. Bí ilẹ̀kùn yìí ò bá ṣí kí wọ́n tó dé, mo fi ibojì Secondo búra, n ó dúró lórí àpótí yìí, n ó sì lọgun: "Ẹ wá o, Gaudenzio ò ní imú! Láti ọdún kan ó lé ni kò ti ní imú! Èmi obìnrin yìí ni mo ń dá ẹjọ́ ìgò yín!" Ẹ ní mi ò lè ṣe é? Ẹ máa wò mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ lọ di igbá yín mú.

Agogo nìyẹn. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.

Wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀rín alápatà ni mo ń gbọ́ yẹn, wọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ kànga. Ẹ ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí i, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é. Mo ti ń gun àpótí o. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti rí mi, wọ́n ń juwọ́ sí mi.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ kú ìnajú! Ta ló borí? Ṣíọ̀, mo mọ̀ pé wọ́n máa fìdí rẹmi, ọmọ tó ń gbá a fún wọn yẹn ò lápá! Èmi? Mo ń na ara ni, mo ń wo òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó wà nísàlẹ̀ níbí, ó ń yẹ àwọn ìgò wò. Ìgò bàbá ìyàwó yín? Ẹ gbé e wá... rárá, ẹ má gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fún un láyè díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sinmi títí di ìgbà ìrúwé. Ẹ̀yin náà mọ̀, irú imú bẹ́ẹ̀, ó nílò ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀la ni. Àmín. Àmín o. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi tan àbẹ́là kan. Ó dàbọ̀, ẹ kí ìyá yín.

Wọ́n ti lọ.

Ẹ gbọ́ mi? Mi ò lè ṣe é. Mo fi ibojì Secondo búra, mi ò sì lè ṣe é, Secondo fúnra rẹ̀ ì bá bú mi. Òun ló máa ń sọ pé, "Delfina, ariwo lo ní, o ò níkà." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa jókòó ti ìgò yín. Mo ń gbé ife mẹ́ta yìí kalẹ̀ sórí àpótí, ọwọ́ mi ti rẹ̀. Mo ń lọ sílé lọ di aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ó dàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sùn sínú òtútù yẹn.

Kí nìyẹn? Irin ni mo gbọ́ yẹn?

Ẹ wo ojú yín. Yéè, ẹ wo ojú yín, ó ti wú! Ẹ ò tilẹ̀ tan iná, inú òkùnkùn lẹ jókòó sí láti ọjọ́ yìí? Ẹ kúrò lọ́nà kí n kó ife, búrẹ́dì àti àpótí yìí wọlé. Ó tutù níbí bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹfun yẹn ò tíì parẹ́, orúkọ mi rèé. Iyanrìn rèé. Ìgò mi wá dà? Ibi tó ń sùn ti ṣófo, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbé e pamọ́, ẹ ti...

Kí ló ń ṣe lórí ìdúró?

Mo ní kí ló ń ṣe lórí ìdúró lórí àgbá yẹn? Ìgò tó ti dùbúlẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bí mi, ta ló gbé e dìde? Ìgbà wo? Ọjọ́bọ̀? Ọjọ́bọ̀ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé?

Háà, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn kì í gbé ìgò àgbà dìde bí kò bá fẹ́ ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lọ sí ìdí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣe é. Ẹ dé láti Alba, ẹ ò jẹun, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e dìde fún mi. Kí ló wá dé tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ara yín? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí? Ẹ̀rù? Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù pé ẹ máa gbé e sẹ́nu, ọtí bàbá wa, á sì dà bí omi lẹ́nu yín?

Ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí àpótí yìí, ẹ fi aṣọ yìí nu imú yín. Ó kéré tán, ó ṣì ń da omi.

Ẹ gbé àbẹ́là sẹ́yìn ọrùn ìgò kí a lè rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ń bọ̀. Ẹ há ìda yẹn kúrò. Rọra, ẹ má fà á gìrì, ìdérí yẹn ti rà, á já sínú rẹ̀. Ẹ gbé e fún mi. Lónìí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ di iná mú, èmi ni n ó da ọtí. Ẹ wò ó, ó ń jáde, ó ń jáde bọ̀... ó ti jáde! Ní gbogbo rẹ̀! Ife yín rèé. Ife tèmi rèé. Èyí ni ti Secondo.

Ẹ dijú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń di ti bíríkì létí ife, àárín rẹ̀ ṣì pupa. Ó kọ́kọ́ pa ara rẹ̀ mọ́, kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ dúró. Ó ti ń bọ̀. Òdòdó róòsì ni, èyí tó gbẹ sáàárín ìwé àdúrà ìyá wa. Ọ̀dà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ewé tí òjò oṣù kẹwàá pa. Kóòtù Secondo bó bá ti oko dé, ẹ̀gbọ́n mi, kóòtù rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú tábà tó wà nínú àpò. Mo búra fún yín. Ẹ jẹ́ kí n mu ún báyìí. Ó máa ta mí níbi kókó yẹn, kó máa ta mí.

Hẹn.

Hẹn-ẹn.

Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Ṣé ó tó? Ṣé èmi lẹ ń bi? Ọ̀gá Gaudenzio ló ń bi mí bóyá ó tó! Ẹ sún mọ́bí. Ẹ na ẹsẹ̀ yín, ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ kà á fúnra yín.

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má tíì dìde, mi ò tíì parí.

Ẹ̀ẹ̀mejì!

Háháà! Yéè, ẹ gbà mí, inú ń dùn mí pa! Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó ṣì ń fún ahọ́n mi pọ̀! Ẹ mu tiyín, ẹ mu ún, ìyẹn ò nílò imú, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ń di yín lẹ́rẹ̀kẹ́ mú? Òótọ́ lẹ sọ nígbà ti Secondo, ẹ̀yin alágídí yìí, òótọ́ lẹ sọ, kí Ọlọ́run fi òótọ́ yín jì yín! Kì bá tó fún un, kò tó fún mi, ọtí aláìgbọràn, èmi tí mo ni ín ló jọ! Ẹ má sunkún mọ́, ẹ bu búrẹ́dì jẹ. Kò tíì tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbé ife yín wá.